Bí A Ṣe Ń Dá Ẹgbẹ́ Eré Sísá Sílẹ̀ Ládùúgbò fún Àgbà àti Ọ̀dọ́

Bí àgbàlagbà bá wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń sáré gba ojú títì kọjá ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn aládùúgbò ni pé kí ló ń lé e. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ènìyàn kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ìtìjú yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún dúró sílé, òun náà ló sì mú kí ẹgbẹ́ dára ju àdásá lọ, nítorí bí ènìyàn mẹ́jọ bá ń sáré pọ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tó ń lé wọn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ kó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ, tó fẹ́ kí bàbá, ìyá àti ọmọ rí ààyè nínú rẹ̀, tó sì ń rò ó pé lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ náà yóò lè gbé eré ìje kékeré kalẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe tèmi, nítorí náà òkè, òjò àti ọkọ̀ Micra Ìbàdàn ni yóò máa hàn nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yan ibì kan àti aago kan

Kí ẹ tó ra fèrè, kí ẹ tó dá aṣọ ẹgbẹ́, ẹ wá ibi tí ẹ ó ti máa pàdé àti aago tí ẹ ó máa pàdé, kí ẹ sì dúró lé e lórí. Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ lórí èyí, London ló ti wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2004, Paul Sinton-Hewitt kó asáré 13 jọ sínú Bushy Park, wọ́n sáré kìlómítà márùn-ún, wọ́n kọ àkókò olúkúlùkù sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Wọ́n tún ṣe é ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi di ohun tí à ń pè ní parkrun, tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ń darí lónìí ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún. Ẹni tó bá pa Sátidé mẹ́ta jẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá padà, ibẹ̀ náà ni òun yóò bá wọn. Ìdánilójú yẹn ń kó ènìyàn jọ ju ìpolówó lọ.

Ṣùgbọ́n agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kò lè bá wa mu, nítorí oòrùn Ìbàdàn kì í dúró de aago náà kó tó mú. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé ni mo dábàá. Ilẹ̀ á ti mọ́ tàbí kó máa mọ́ lọ́wọ́, àwọn tó ń kí ìrun Àsùbáà á ti parí, àwọn ọlọ́jà á sì lè padà sílé kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ìmọ́tótó àyíká tó máa ń wáyé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé eré náà sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀ ọ́n ṣáájú bí ẹni mọ owó. Nínú oṣù Ràmàdáánì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbààwẹ̀ fi ìrìn rọ́pò eré, ní bí ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ṣínu.

Ní ti ibi ìpàdé, pápá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀nà inú ọgbà tí ọkọ̀ kì í pọ̀ sí ló dára jù. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rin ọ̀nà náà ní aago gan-an tí ẹ fẹ́ máa lò ó, kí ẹ lè rí gọ́tà tí kò ní ìdérí, ajá tí wọn kò so, àti ibi tí àwọn oní-Micra ti máa ń fi eré yà láìtan iná. Ọ̀nà tó ń yípo, tí ìyípo kan rẹ̀ kò ju kìlómítà kan lọ, sàn ju èyí tó lọ gbọọrọ, torí pé ẹni tó bá rẹ̀ kò ní jìnnà sí omi, ọmọdé kò sì ní kúrò lójú. Bí ó bá di dandan kí ẹ gba títì, apá òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, nítorí apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń tọ̀ nílẹ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì pín iṣẹ́

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ni pápá, ẹ lọ kí baálẹ̀, kí ẹ sì jíṣẹ́ fún ẹgbẹ́ onílé níbi ìpàdé wọn. Nítorí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò ni mo ṣe tẹnu mọ́ èyí: wọ́n lè rí ogún ènìyàn tó ń sáré bọ̀ nínú ìkùukùu, kí wọ́n rò pé olè ni wọ́n ń lé, tàbí pé àwọn gan-an ni olè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni kò gbọdọ̀ wà láìlẹ́ni: aṣíwájú tó mọ ọ̀nà, akọ̀wé tó ń kọ orúkọ àwọn tó dé àti àwọn tó ti lọ, ẹni tó gbé àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì dání, àti ẹni tí àwa ń pè ní ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn jù. Ẹ̀yìn ẹni tó kẹ́yìn pátápátá ló máa ń wà, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ń rìn. Kì í kọjá rẹ̀, kì í sì í sọ fún un pé kó yára. Nípasẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọnù, kò sì sẹ́ni tó ń gba ipò ìkẹyìn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti gbà á. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá kì í sábà lè ṣe iṣẹ́ yìí, wọn kì í ní sùúrù rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe é, mo sì mọ ènìyàn bíi méje tí ì bá ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì bí kì í bá ṣe ti ìtàn tí màmá máa ń pa fún wọn lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ forúkọ ènìyàn sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè nípa ìlera wọn

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ẹni tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni kó ṣáájú, kí ìbéèrè ìlera wá tẹ̀ lé e: ṣé dókítà ti sọ fún yín rí pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée (asthma) tàbí àìsàn ọkàn, ṣé àyà máa ń dùn yín tàbí òòyì máa ń kọ́ yín bí ẹ bá ń gun òkè, ṣé ẹ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èyíkéyìí, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀, kí ó máa rọra rìn pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn bí ara rẹ̀ bá gbà á. Ìwé náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì péré, torí pé ohun tí ẹnì kan bá sọ nípa ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ìsọ̀ onídìrí. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, òbí tàbí alágbàtọ́ ni kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó ń mú un bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bẹ̀rẹ̀ àwọn àgbà pẹ̀lú ìrìn

Ohun tó ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù ni kí wọ́n fi eré gidi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dún 1995 ṣì rò pé ẹsẹ̀ ìgbà yẹn ló wà lára òun. Yóò sáré bí ẹṣin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orúnkún rẹ̀ yóò wú, a kò sì ní rí i mọ́. Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, gbé jáde lọ́dún 1996, èyí tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, ni mo ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ara ó móoru. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kí ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, pẹ̀lú ìsinmi ọjọ́ kan ó kéré tán láàrin wọn. Ní ọ̀sẹ̀sọ̀sẹ̀, eré ń gùn sí i, ìrìn sì ń dín kù, títí ènìyàn yóò fi lè sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró. Ká sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa ló máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlá, nítorí pé ẹni tí ọ̀sẹ̀ kan bá le fún, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo máa ń ní kó tún ṣe. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

Ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu eré náà. Mo máa ń ní kí àwọn tuntun ki oríkì ara wọn sókè. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá já kó tó parí ìlà kejì ń yára jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kà, nítorí náà ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bódìjà tó sì fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ti ṣe nínú rẹ̀.

Bàtà kò ní láti jẹ́ tuntun. Bàtà òkìrìkà ni púpọ̀ nínú wa ń wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò: bí kò bá dẹ̀ rárá, tó le bí pákó, fóòmù inú rẹ̀ ti gbó, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò sì fi orúnkún san án. Kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò kan sì wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Ní ti òkè, ẹ má tíì dé ìdí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Ilé gogoro Bower ti wà lórí Òkè Àrẹ̀ láti ọdún 1936, kò ní sá lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ètò àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ yàtọ̀

Ọmọdé kì í ṣe àgbà kékeré. Ètò parkrun fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 14 kò ju kìlómítà méjì lọ, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń ṣe é; ìwọ̀n yẹn tó fún àwọn ọmọ wa náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ohun tí à ń pè ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ eré ẹkùn mẹ́ran. Bí ẹ bá to ọmọ ogún yípo, tí ẹ yan ẹkùn kan àti ẹran kan, ẹ ó rí i pé àwọn méjèèjì yóò sáré dé ibi tí àgbà kò lè dé, wọn yóò sinmi nígbà tí ipò bá kan ẹlòmíràn, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú irú eré yìí, kí ìyípo pápá méjì tàbí mẹ́ta wá tẹ̀ lé e, ti tó fún ọjọ́ kan. Ẹ má fi owó ṣe ẹ̀bùn fún wọn. Gbàrà tí owó bá wọ̀ ọ́, àwọn òbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́bàá pápá, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò yá yóò sì dẹ́kun wíwá.

Lórí ààbò wọn, kò sí àyè fún àfojúfò. Àgbà méjì ó kéré tán ni kó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà gbogbo, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Àgbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó, ìbáà jẹ́ láti wọ bàtà, ìbáà jẹ́ láti gbé e délé. Ẹni tó mú ọmọ wá ni kó mú un lọ. Bí ó bá rán ẹlòmíràn, kí ó pè ṣáájú. Ẹ má gbé fọ́tò ọmọ ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp láìgba àṣẹ òbí.

Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ń fi eré sílẹ̀ bí wọ́n bá ti ń bàlágà. Ohun tó ń dá wọn dúró nínú ẹgbẹ́ tiwa ni pé aṣọ kò ká wọn lára àti pé àwọn ọkùnrin ń wò wọ́n. Kí ẹni tó fẹ́ wọ híjáàbù wọ̀ ọ́, kí ẹni tó fẹ́ ṣòkòtò gígùn wọ̀ ọ́, kí obìnrin tó ti bímọ sì máa ṣíwájú wọn. Ní ti àwọn ọmọ ọdún 15 sí 17, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ gidi. Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń di aago mú àti bí a ṣe ń kọ orúkọ, nítorí àwọn ni yóò di ẹgbẹ́ náà mú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má retí wọn ní àkókò ìdánwò WAEC.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ mọ ojú ọjọ́

Àpò piọ́ wọ́tà kan sábà máa ń ní ọ̀rá ogún, ìlàjì lítà sì ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Àpò kan fún ènìyàn mẹ́wàá tó fún eré òwúrọ̀. Bí ẹnì kan bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má dúró de ọkọ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn, abíyá àti abẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa pe 112. Itútù ló ṣáájú, ilé ìwòsàn ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má fún un ní omi mu.

Òjò lásán kò pa ẹnikẹ́ni, àrá ni kí ẹ bẹ̀rù: bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ wọlé, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń da àwọn tó ní ikọ́ fée láàmú, kí wọ́n mú oògùn fífà símú wọn dání tàbí kí wọ́n dúró sílé títí eruku náà yóò fi dín kù díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé eré ìje kalẹ̀

Ẹ má ronú èyí kí ẹgbẹ́ tó pé oṣù mẹ́fà. Kìlómítà márùn-ún fún àgbà àti méjì fún ọmọdé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe eré gígùn (marathon) bíi ti Èkó, ẹ sọ fún wọn pé kìlómítà 42.195 ni ìyẹn, àti pé ìlú London náà kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí tiwọn. Eré ìje ìlú Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, lè gba orí afárá Third Mainland nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò kò lè ti títì pa, nítorí náà ọ̀nà tí kò kọjá títì ńlá rárá ni kí ẹ yàn. Ní bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, sí ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, sí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti sí Red Cross, kí ẹ sì gba èsì wọn sórí ìwé. Ìlérí ẹnu kì í dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Ẹ wọn ọ̀nà náà dáadáa. Bí ẹ bá rí pápá tó ní ọ̀nà eré oní-mítà 400, ìyípo méjìlá àti ààbọ̀ ni kìlómítà márùn-ún, ìyípo márùn-ún sì ni kìlómítà méjì. Lórí títì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so ẹ̀rọ ìkà-yíyí-táyà mọ́ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń lò, wọ́n sì máa ń fi mítà kan kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀nà má bàa kúrú. Fóònù lè ṣìnà lábẹ́ igi ńlá, nítorí náà ẹ fi fóònù mẹ́ta wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì wò ó bí wọ́n bá bára mu.

Gbígba àkókò ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí náà mo fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 títí dé iye tí ẹ ń retí sórí páálí kéékèèké. Níbi ìparí, ẹ fi okùn ṣe ọ̀nà tóóró tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ìlà pẹ̀lú aago ìdíwọ̀n, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí asáré kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá. Kí ẹlòmíràn máa ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú aago kejì, bí ọ̀kan bá lọ kú. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn dúró ní ìparí okùn, ó ń fún wọn ní páálí bí wọ́n ṣe tò dé. Ẹni tó kù jókòó sídìí tábìlì, ó ń gba páálí padà, ó sì ń kọ orúkọ olúwa rẹ̀ síwájú nọ́ńbà náà. Bí ẹ bá to àwọn ìwé náà pọ̀, ẹni tó mú páálí 17 wá ló ni àkókò kẹtàdínlógún. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe é, a kò na okùn. Ọmọ mẹ́ta gba ẹ̀yìn tábìlì wọlé, páálí dàrú, ọmọ tó gba ipò kẹrin sì bá ara rẹ̀ ní ipò kọkànlá. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ fi ń pè mí.

Ẹ fi àgbà kan sí gbogbo oríta, kí ó wọ aṣọ tó ń tàn, kí ó sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn yóò fi kọjá. Omi wà ní ìdajì ọ̀nà àti ní ìparí. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ sáré, kí oòrùn tó gòkè. Owó tí ẹ bá gbà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ẹgbẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lẹ́yìn ìparí

Ẹ má tíì ká tábìlì nítorí pé ẹni ogún ti gba àmì-ẹ̀yẹ. Ẹ ka orúkọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ orúkọ àwọn tó parí. Bí ẹnì kan bá kù, ẹ pè é, bí kò bá gbé e, ẹ padà gba ọ̀nà náà. Ẹ ka àwọn ọmọ lọ́tọ̀, kí ẹ sì rí i pé òbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé kó tó mú tirẹ̀ lọ. Ẹ ṣa gbogbo ọ̀rá omi nílẹ̀, títí kan èyí tó bọ́ sínú gọ́tà, nítorí àwọn onílé yóò rántí ọ̀rá yẹn nígbà tí ẹ bá tún mú lẹ́tà wá. Kí èsì wà lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú, kí orúkọ ẹni tó gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ẹni tó gba ìṣẹ́jú méjìdínlógún, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, ibi tí ẹ ti máa ń pàdé náà ni.